Ẹni Tí Dúpẹ́ Pè Wá Jẹun Lórí Òkè

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí n máa bi èèyàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ojú rẹ ló rí i, àbí wọ́n sọ fún ọ ni? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní wọ́n sọ fún òun, mo máa ń pa ìwé mi dé ni.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Mo wà níbẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ wà níbẹ̀, mo sì ti fọ̀rọ̀ wá àwọn méjì yòókù lẹ́nu wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo kọ ohun tí oníkálukú sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ, àwọn dókítà ò sì rí ohun tó ń ṣe é. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é.

Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun àti ọkọ rẹ̀, Bàbá Tóbi, ń gbé ní Mitchellville, lókè òkun níbí. Ẹnì kejì wa ni Rìsíkátù, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Èmi ń gbé ní Hyattsville, nínú ilé kékeré kan tí Rìsí máa ń pè ní àgò adìẹ.

Ìyá Dúpẹ́ kú sí Ìbàdàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Dúpẹ́ ò lè lọ sin wọ́n. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà yẹn. Tó bá fi jáde, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Orí fóònù ló ti wò ó bí wọ́n ṣe ń sọ pósí ìyá rẹ̀ kalẹ̀, nínú yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sinmi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà wá jáde, a rò pé Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ sáré lọ. Ó ní Japan ni.

“Ta ni mo fẹ́ lọ kí n'Ibàdàn?” ó bi wá. “Ẹni tí mo fẹ́ kí ti lọ.”

Ó ti rí ọ̀nà àtijọ́ kan lórí fóònù, lórí àwọn òkè níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojúbọ wọn láti ayébáyé. Èèyàn á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, á máa rìn láti abúlé dé abúlé, kò ní sí aláìsàn tó máa tẹ aago pè é. Rìsí ní òun ń bọ̀. Èmi náà ní mò ń bọ̀.

Oṣù méjì la fi gbé báàgì tó kún fún ìwé rìn yíká àdúgbò Dúpẹ́ ká lè mọ̀ ọ́n gbé. Ní Mitchellville, níbi tí èèyàn ti ń wa mọ́tò lọ kí aládùúgbò rẹ̀! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mọ́tò mẹ́ta ló dúró bi wá bóyá mọ́tò wa ló bàjẹ́.

“Ẹ sọ fún wọn pé Bàbá Tóbi ló lé wa jáde,” ni Dúpẹ́ ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ẹ̀rín yẹn. Mi ò tíì gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí a ti dé.

Ọjọ́ kẹta ìrìn wa lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni, aago kan kọjá díẹ̀, oòrùn wà lókè. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn.

Láàárọ̀, Dúpẹ́ ti ra oúnjẹ ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábúlé: ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ mọ, tí wọ́n fi ewé òkun dúdú wé. Tùwó Japan ló ń pè é. Ó ra méjìméjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó gbàgbé pé Rìsí ń gbààwẹ̀. Rìsí ń san àwọn ọjọ́ tí ara ò jẹ́ kó gbà nínú Ramadan, ó sì ti lérí pé kò sí òkè tó máa dá òun dúró.

“Arìnrìn-àjò ni ẹ́, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún ẹ,” mo sọ fún un.

“Oníròyìn!” Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. “Ìwọ tí ebi ń pa láago mẹ́wàá lo fẹ́ kọ́ mi lẹ́sìn? Jẹ tìẹ jàre.”

A jókòó sórí pákó lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Dúpẹ́ tú oúnjẹ sílẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀nà, kò jìn ju ẹnu ilẹ̀kùn sí títì lọ, ìyá arúgbó kan jókòó sídìí igi. Ó wọ aṣọ funfun, ó dé akẹtẹ̀ koríko, aṣọ pupa kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀. A ti rí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rin ìrìn ìsìn lójú ọ̀nà yẹn. Mi ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Èèyàn kì í la ẹnu jẹun níṣojú àgbà kó má pè é. Dúpẹ́ fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, bíi pé Mọ́kọ́lá ni ìyá náà ti wá:

“Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ wá jẹun o.”

Rìsí bú sẹ́rìn-ín. “Dúpẹ́, orí ẹ ti dàrú! Ta lò ń pè?”

Mo rò pé torí èdè ló ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà mọ èsì tó yẹ. Ẹni tí wọ́n bá pè wá jẹun á ní, “Á gba ibi ire.” Ká tiẹ̀ ní kò gbọ́ èdè wa, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á juwọ́, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ìyá yìí ò ṣe ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Dúpẹ́ títí, bí ẹni tó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Ó pẹ́ kó tó dìde tán.

Dúpẹ́ mú ọ̀kan nínú méjì tó jẹ́ ti Rìsí, ó gbé e lé ewé kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sọdá ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n mú omi nínú báàgì mi. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, Dúpẹ́ ti ń padà bọ̀, omi wà lójú rẹ̀. Mi ò rí ìyá náà mọ́.

“Wọ́n ti lọ?” mo bi í.

“Wọ́n ní ká máa lọ, pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn,” ó dáhùn jẹ́jẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé àwàdà ni.

A ò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi bolẹ̀. Rìsí wà níwájú, èmi wà láàárín, Dúpẹ́ wà lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ ọ̀pá Dúpẹ́ lórí òkúta: kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ rọra, mà. Ibẹ̀ yẹn ń yọ̀.”

Ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Mo yíjú padà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ká apá òsì rẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń ká a tí àgbàlagbà bá dì í mú.

“Dúpẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Máa lọ,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọn ò fẹ́ kí o máa wẹ̀yìn.”

Mo kọjú síwájú. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Èmi tí mo ti wọ ilé tó jóná lọ wo òkú, ẹ̀rù bà mí, mo kọjú síwájú, mo ń ka ìró ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo yí padà.

Kò sí ẹnì kankan.

A pè é títí ohùn wa fi há. Fóònù ò mú nǹkan kan. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tútù tó ń wọ egungun, aṣọ òjò Dúpẹ́ sì wà nínú báàgì mi, torí mo bá a gbé e láàárọ̀ kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Aago méjì ti kọjá. Tó bá di aago márùn-ún, ilẹ̀ á ti ṣú lórí òkè yẹn, ẹni tí kò sì ní aṣọ òjò ò ní rí òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, Dúpẹ́ fúnra rẹ̀.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” Rìsí bi mí. 

“Látìgbà tó ti gbé oúnjẹ fún ìyá yẹn.”

“Ìyá wo?”

“Ìyá aláṣọ funfun. Èyí tó jókòó sídìí igi.”

Rìsí dúró. Òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. “Kò sí ìyá kankan níbẹ̀,” ó wí. “Òkúta ni. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí èèyàn, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lọ́rùn. Òkúta ni Dúpẹ́ kúnlẹ̀ fún. Kí lo rò pé mo fi ń rẹ́rìn-ín?”

Mo kọ èyí sílẹ̀ nígbà tó yá, mo sì kà á fún un. Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Òun tó gbààwẹ̀, tí kò fẹnu kan oúnjẹ, òkúta ló rí. Èmi rí ìyá arúgbó ará Japan. Mo bi Dúpẹ́ náà níkẹyìn, ẹ ó gbọ́ ohun tó sọ.

A sáré padà sídìí igi náà. Òkúta ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò ga ju ìkúnlẹ̀ ọmọdé lọ. Kò sí ewé, kò sí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ inú igbó lọ. Bàtà Dúpẹ́ ni. Bàtà tirẹ̀ nìkan.

A tẹ̀ lé e. Igi ya wá lọ́wọ́, a ṣubú, a dìde. Rìsí ń ké sí Ọlọ́run lábẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Èmi ń wo aago. Aago mẹ́ta. Aago mẹ́ta ààbọ̀. Lẹ́yìn náà a rí bàtà náà gan-an, wọ́n tò ó pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wọ yàrá ẹlòmíì, wọ́n ká ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tó kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ọ. “Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, mà.”

Ó jókòó sétí ọ̀gbun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì nínú òfuurufú. A ń gbọ́ omi nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n a ò rí i. Ewé wà lórí itan rẹ̀, ìrẹsì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu.

Rìsí gbá ọwọ́ mi mú. “Má pariwo. Tó bá ta gìrì, ó ti lọ nìyẹn.”

Mo fi orúnkún wọ́ súnmọ́ ọn. “Dúpẹ́.”

Kò wẹ̀yìn. “Màmá mi ní kí n wá jẹun,” ó wí. “Wọ́n ní mo ti pe àwọn, ó wá kan àwọn láti pè mí.”

“Dá wọn lóhùn. Sọ pé á gba ibi ire.”

“Èmi?” ó bi mí. “Èmi tí mi ò lọ sin wọ́n? Kí wọ́n tún pè mí jẹun, kí n tún kọ̀?”

Ó tẹ̀ síwájú. Òkúta wẹ́wẹ́ já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo dúró kí n gbọ́ kó balẹ̀, mi ò gbọ́ ọ.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni dá mi láre. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo kọjú sí ibi tí kò sẹ́nì kankan, mo bá a dáhùn.

“Á gba ibi ire, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Á gba ibi ire.”

Ìró omi dákẹ́. Mi ò rí nǹkan kan, mo búra. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹnì kan bá ń wo èèyàn látẹ̀yìn. Nǹkan kan tó ti ń wo Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí mi. Ó ń yíjú bí ìyá yẹn ṣe dìde: díẹ̀díẹ̀, kò kánjú.

Rìsí fò mọ́ Dúpẹ́, ó fi okùn báàgì rẹ̀ fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lé mi lórí. Ìrẹsì náà bọ́ sílẹ̀. Kó tó yí wọ inú ọ̀gbun, mo rí i dáadáa. Wọ́n ti gé e jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dúpẹ́ búra pé òun ò tọ́ ọ wò. Rìsí ní òun ò rí i. Èmi kọ ohun tí mo rí.

Bàbá arúgbó kan ló ni ilé tí a wọ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Fóònù ló ń bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí Rìsí sọ tán, bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ní kó tún un sọ kí n lè kọ ọ́:

“Àwọn tí kò ní ẹni tó sin wọ́n ni wọ́n ń gbé oúnjẹ síbẹ̀ fún. Àwa náà máa ń gbé e. A ó gbé e kalẹ̀, a ó máa lọ. A kì í pè wọ́n.”

Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, “Nínú yín, ta ló dá wọn lóhùn?”

Rìsí wò mí. Mo ní kò sẹ́ni. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn yìí nìyẹn, mo sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀.

A padà délé. Dúpẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ rẹ̀ fi pè mí.

“Àǹtí, ìyàwó mi ò jẹun mọ́,” ni Bàbá Tóbi wí. “Á se ìrẹsì láìfi iyọ̀ sí i, á fọwọ́ mọ ọ́n, á jókòó tì í. Á máa wí pé, ‘Ẹ ṣé, mà.’ Lẹ́yìn náà á dà á nù. Àǹtí, kí lẹ ṣe fún un níbẹ̀?”

Rìsí lọ wò ó. Ohun tó sọ fún mi rèé: “Ó pè mí wá jẹun. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Oníròyìn, mi ò gbààwẹ̀ o. Mo kàn wá ọ̀nà sá ni.”

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, lọ́sàn-án, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Dúpẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò wá. Aṣọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kúlà kékeré kan, bó ṣe gbé ewé ọjọ́ yẹn.

“Mo gbé oúnjẹ wá fún ẹ. Wá jẹun.”

Ẹnu mi dáhùn kí n tó rò ó. “Á gba ibi ire.”

“Wọ́n ní ohun tí o máa sọ nìyẹn,” ó wí. “Wọ́n ní ta lo jẹ́ tó o fi jẹ́ ìpè tí kì í ṣe tìẹ. Wọ́n ní kí o jẹ ẹ́. Tí o bá ti jẹ ẹ́, èmi náà á lè jẹun.”

“Tí mi ò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?”

Ó kúnlẹ̀ fún mi, ẹgbẹ́ mi o, ó gbé kúlà náà sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe gbójú sókè, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, Dúpẹ́ tèmi ló ń wò mí.

“Má jẹ ẹ́,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Má jẹ ẹ́ o.”

Ó dìde, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ló dákú lẹ́nu iṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà báyìí, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ omi wà lápá rẹ̀. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Tí wọ́n bá gbé ṣíbí súnmọ́ ọn, á di eyín pọ̀. Mo jókòó tì í lánàá, mo bi í pé ta ló rí lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Màmá mi. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi sin wọ́n. Orí fóònù ni mo ti mọ̀ ọ́n.”

Bàbá Tóbi ń pè mí láràárọ̀. “Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ ẹ́. Ìrẹsì lásán ni. Ṣé ìrẹsì lásán ló máa gba ìyá Tóbi lọ́wọ́ mi?” Ó ń sunkún, ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Rìsí á pè. “Oníròyìn, o ò gbọdọ̀ ṣí kúlà yẹn. Ó ti sọ fún ẹ fúnra ẹ̀.”

Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Mi ò mọ èwo nínú Dúpẹ́ méjèèjì ló bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mi ò ní kí ẹ di ahun. Ẹ máa pe èèyàn wá jẹun. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ò bá ti mọ ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èsì ná. Ẹni tí kò bá wí pé á gba ibi ire, tó kàn ń dìde bọ̀, ẹ kó oúnjẹ yín, ẹ máa lọ. Tó bá sì jẹ́ ẹlòmíì ló pè, ẹ má bá a dáhùn, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ẹni náà tó.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Dúpẹ́ ti wá. Kúlà náà wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò tíì ṣí i. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Bàbá Tóbi pè tán, mo gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀, mo sì tètè gbé e kúrò.

Ó ṣì gbóná.